Bí A Ṣe Ti Ìlẹ̀kùn Mọ́ Píjìn ní Malabo

Àwọn míṣọ́nnárì tó lọ sílẹ̀ òkèèrè sábà máa ń ráhùn pé àwọn ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Tiwa yàtọ̀. Láti ọjọ́ tí a ti dé Malabo, ìlú kan ní Equatorial Guinea, kò sẹ́ni tí a ò bá sọ̀rọ̀, ohun tó sì dà wá láàmú nìyẹn.

Kí a tó kúrò ní Ìbàdàn la ti ń kọ́ Sípáníìṣì. Ọkọ mi ra ìwé, èmi àtàwọn ọmọ méjèèjì ń fi fóònù gbọ́ ẹ̀kọ́ lálaalẹ́ bí iná bá wà. Abẹ́ Sípéènì ni Equatorial Guinea wà títí di 1968, èdè yẹn náà ni ìjọba àti ilé ìwé ń lò di òní. Àmọ́ nígbà tí a jáde ní pápákọ̀ òfuurufú, tí ọkọ mi rọra kí awakọ̀ takisí pé "Buenos días, señor", ọkùnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi Píjìn dá a lóhùn. Ìgbà yẹn ni Sípáníìṣì wa ti wọ inú àpótí lọ.

Pichi ni wọ́n ń pe Píjìn tiwọn. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá tẹ ìlú náà dó ní 1827, Freetown ní Sierra Leone ni wọ́n ti kó èèyàn wá, àwọn yẹn ló gbé Krio, Píjìn ti Freetown, dání, Krio náà ló sì di Pichi. Ọmọ Yorùbá pọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú tí wọ́n já sí Freetown láyé ìgbà náà, bóyá ìdí nìyẹn tí etí wa fi tètè gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ará ìlà oòrùn Nàìjíríà tún rọ́ wá síbẹ̀ wá ṣiṣẹ́ oko kòkó, kí ìjọba Nàìjíríà tó kó wọn wálé láàárín 1975 sí 1976. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ni ẹ́, Pichi ni wọ́n máa fi dá ẹ lọ́lá. Oṣù mẹ́jọ gbáko la fi jẹ ọlá yẹn.

Àwọn obìnrin tó ń wá síbi ìpàdé àdúrà ilé wa ni wọ́n là mí lójú. Ọ̀nà Bata, lórí ilẹ̀ ńlá lọ́hùn-ún, ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Erékùṣù ni Malabo wà, erékùṣù náà ni Pichi ti rílé. Wọ́n á jókòó, wọ́n á gbọ́ wa tán, wọ́n á ní "Amén", wọ́n á lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan ni ọ̀kan nínú wọn rọra bi ọmọ mi obìnrin léèrè ohun tí màmá rẹ̀ sọ. Ojú tì mí. Mo sọ fún ọkọ mi pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, èmi ni màá ka Bíbélì fún wọn, Sípáníìṣì ni màá sì fi kà á.

Ọjà Semu ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo yan ẹlẹ́ja kan àti obìnrin kan tó ń ta kókò, "malanga" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, mo sì bẹ̀ wọ́n pé bí mo bá sọ Pichi kí wọ́n má tajà fún mi. Ẹlẹ́ja rò pé orí mi ti yí. Kíkí ò nira, torí pé bíi tiwa náà ni, èèyàn kì í déédéé bèèrè iye ọjà láìkí ọlọ́jà. Owó ló fojú mi rí nǹkan. "Seiscientos" ni 600, "setecientos" ni 700. Ẹgbẹ̀ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ò lè jọra lẹ́nu Yorùbá láé, ṣùgbọ́n lẹ́nu obìnrin tó ń sáré sọ̀rọ̀, tó tún ń ha ìpẹ́ ẹja, ọ̀kan náà ni méjèèjì. 700 ló pè é, mo san 600 séfà, owó ìlú náà, mo kọ̀yìn, ó fi igbe pè mí padà, gbogbo ìlà ẹlẹ́ja yíjú sí mi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ iye náà padà fún wọn kí n tó tú àpò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ gbé ìlú yẹn, owó ni kó kọ́kọ́ kọ́, kó fi orúkọ àwọ̀ sílẹ̀ ná.

Nínú ilé, ìjà míì ni. Ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti kó Sípáníìṣì láti ilé ìwé bí ẹni kó ìgbóná. Bàbá rẹ̀ pè é wá jẹun, ó ní "Come tú primero". Ìwọ kọ́kọ́ jẹun! Ọkọ mi gbé ṣíbí kalẹ̀. Ọmọ náà ò ṣàfojúdi, bí wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ló ṣe sọ ọ́. Mo ṣàlàyé fún un pé "tú" ni "ìwọ", "usted" ni "ẹ̀yin", ó sì yé e kíá. Àmọ́ ìyá àgbà kan, Bubi, ẹ̀yà onílẹ̀ erékùṣù náà, tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí a ń pè ní Mamá, yọjú, ó sì bi mí pé "¿Usted quieres agua?", ìyẹn ni pé ṣé mo fẹ́ omi. Ìwé wa ní "quiere" ló yẹ kó tẹ̀lé "usted". Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ ládùúgbò wa, ẹ̀yin àti ìwọ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Mo ní kí àwọn ọmọ máa kọ ti ìwé fún tíṣà wọn, kí wọ́n sì dákẹ́ bí Mamá bá ń sọ tirẹ̀.

Mamá yìí náà ló kọ́ mi ní kíkà. Matiu 26:42 ni mo yàn, níbi tí Jésù ti gbàdúrà lẹ́ẹ̀kejì: "oró por segunda vez". Ẹ wo "oró" yẹn. Lójú èmi ọmọ Yorùbá, oró ejò ni. Bí n kò bá sì tẹ òpin rẹ̀, ó di "oro", ìyẹn wúrà, tàbí "mo ń gbàdúrà". Kí n má tíì dárúkọ èyí tí obìnrin kì í rí nílé wa. Mo rí àmì lórí lẹ́tà, mo gbé ohùn sókè bí ẹni ń sọ Yorùbá, mo sì fi gbogbo èyí tí kò lámì sí àárín. Mamá ní ṣe ni mò ń kọrin. Ó mú ọmọ odó, ó ń fi gbá etí odó níbi tí ọ̀rọ̀ ti le: o-RÓ, se-GUN-da. Agbára ni wọ́n ń fi síbẹ̀, kì í ṣe ohùn òkè. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi gbá odó.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, òjò ń lu páànù, mo ní láti pariwo. Mo ka orí náà láti ẹsẹ 36 dé 46. Mo ṣi ọ̀rọ̀ mẹ́ta pè, ọ̀kan nínú àwọn ará Bata tún wọn ṣe láìgbójú sókè nínú Bíbélì rẹ̀. Nígbà tí mo parí, obìnrin tó bi ọmọ mi léèrè nígbà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, ó gùn, mi ò gbọ́ ju ìdajì lọ.

Mamá dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbá mi léjìká, ó ní: "Mama, yu don sabi!"