Àṣìṣe tí ń jó áńpù gìtá nígbà tí a bá ń fi sípíkà kún un

Watt ni gbogbo ayé ń wò kí wọ́n tó ra sípíkà kejì. Ohm, ìyẹn ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná, tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á sí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń gbé áńpù lọ sílé alátùn-únṣe.

1. Ríro ohm pọ̀. Ihò sípíkà méjì tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ áńpù, parallel ni wọ́n so wọ́n: + pàdé +, − pàdé −. Ohm kì í ròpọ̀ níbẹ̀, ńṣe ló ń dínkù. 8 àti 8 di 4. 16 àti 16 di 8. Bí wọn ò bá dọ́gba, bíi 8 àti 4: 8 lọ́nà 4 jẹ́ 32, ẹ fi àròpọ̀ wọn, 12, pín in, ó di 2.67. Áńpù oní-transistor tí wọ́n kọ "4 ohm ó kéré tán" sí lẹ́yìn ò lè gbé ìyẹn. Iná tó ń gba inú transistor kọjá á pọ̀ jù, á gbóná, fíúsì á já tàbí transistor fúnra rẹ̀ á jó. Inú series nìkan, níbi tí − ti àkọ́kọ́ ti wọnú + ti èkejì, ni 8 àti 8 ti ń di 16.

2. Síso 8 mọ́ 16. Áńpù tó bá lè gbé 5.33 ohm á gbé e, àmọ́ ti 8 á gba ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára. Nínú 50 watt, nǹkan bíi 33 ni tirẹ̀.

3. Wáyà gìtá. Ẹnu rẹ̀ jọ ti wáyà sípíkà, inú rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ ra ti sípíkà, 16 AWG (ìwọ̀n sísanra wáyà) tàbí 14.

4. "Ohm tó pọ̀ jù ò léwu." Ta ló ń kọ́ wọn ní èyí gan-an? Òótọ́ ni fún áńpù oní-transistor: ẹ so 16 mọ́ èyí tó fẹ́ 8, agbára á kàn dínkù sí bí ìdajì. Ọ̀rọ̀ oní-tube, ìyẹn èyí tó ń lo ìgò gíláàsì dípò transistor, yàtọ̀, torí tiransifọ́mà ló wà láàárín tube àti sípíkà. Bí ohm bá ga jù, tàbí tí kò sí sípíkà rárá tí ẹ sì ń ta gìtá, volt inú tiransifọ́mà yẹn á fò sókè, iná á máa ta ní ìdí tube, á sì lu ìbora wáyà inú tiransifọ́mà. Ìgbà tí ẹ bá fi máa ṣí ìwé ìlò wò, aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

Nítorí náà, sípíkà ni ẹ kọ́kọ́ so, kí ẹ tó tan áńpù. Ẹ má yọ ọ́ nígbà tí ó ń dún. Ẹ pa áńpù kí ẹ tó yí súìṣì 4, 8, 16 tó wà lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, àpapọ̀ ni súìṣì yẹn ń béèrè, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sára àpótí kan: àpótí 16 méjì, 8 ni ẹ ó yí i sí. Ọ̀pọ̀ oní-tube lè fara da ìdajì tàbí ìlọ́po méjì ohm tó yẹ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn. Ìwé ìlò ni kó pàṣẹ, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Lára ọ̀pọ̀ Fender oní-tube, ẹ má so sípíkà kan ṣoṣo mọ́ ihò àfikún. Bí ihò àkọ́kọ́ bá ṣófo, ó ti pa + àti − pọ̀ nínú, ẹ ò sì ní gbọ́ ohùn.

Ihò ìgbétí kì í ṣe ihò sípíkà.

Bí mítà bá ka 6 tàbí 7 lórí sípíkà 8 ohm, kò bàjẹ́. Ẹ yé dá a padà fún ẹni tó tà á. Ìdènà wáyà inú rẹ̀ nìkan ni mítà ń wọ̀n.

Ẹ fi bátìrì 1.5 volt kan ẹnu sípíkà méjèèjì, + sí +. Bí bébà ọ̀kan bá yọ síta tí ti èkejì wọlé, ẹ yí wáyà ọ̀kan padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ á pòórá.

Ẹ wo dB pẹ̀lú, ìyẹn ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dún sókè tó lórí agbára kan náà. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 97 tí èkejì jẹ́ 100, tí ohm wọn sì dọ́gba, ti 100 á bo ti 97 mọ́lẹ̀; ìlọ́po méjì agbára ni ti 97 nílò kó tó bá a dọ́gba.