Bí mo ṣe wá ọjọ́ tí wọ́n ṣe Mustang 1965 kan

Ìwé ọkọ̀ kì í sọ ju ọdún lọ. Ara irin ni ọjọ́ gan-an wà. Mustang fastback ti Ford ni èyí (èyí tí òrùlé rẹ̀ rọra dà wálẹ̀ dé ẹ̀yìn), ìlẹ̀kùn awakọ̀ ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀: ní etí rẹ̀, nítòsí ibi tó ti ń há, páànù kékeré kan wà tí wọ́n fi rivet méjì kàn mọ́ ọn. Lábẹ́ DATE, mo rí 16K.

Nọ́ńbà ni ọjọ́, lẹ́tà ni oṣù. A ni Oṣù Kìíní, M ni Oṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n Ford fo I. J wá di Oṣù Kẹsàn-án, K di Oṣù Kẹwàá. Ẹni tó bá ka lẹ́tà tààrà láì fo I yóò fi oṣù kan ṣìnà láti J lọ. Tí ṣíṣe irú ọkọ̀ kan bá kọjá oṣù méjìlá, N títí dé Z ni wọ́n ń lò, láìsí O. Páànù náà kò kọ ọdún. Ṣùgbọ́n Oṣù Kẹta 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Mustang tí wọ́n pè ní 1965, K sì jẹ́ ti oṣù méjìlá àkọ́kọ́, nítorí náà 16 Oṣù Kẹwàá 1964 ni. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ rántí pé ọjọ́ tí wọ́n pète ni o: ọkọ̀ náà lè jáde ṣáájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Páànù máa ń bá ìlẹ̀kùn lọ, wọ́n sì ń ta ayédèrú rẹ̀. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ (VIN) tí wọ́n tẹ̀ sára irin inú fẹ́ńdà òsì, níbi tí wọ́n ti gé etí fẹ́ńdà díẹ̀ kí ó lè hàn. 5F09A ló ṣáájú, bíi ti páànù: 1965, ilé iṣẹ́ Ford ní Dearborn, fastback, ẹ́ńjìnnì 289 (ìwọ̀n rẹ̀ ní cubic inch) oníkaabọrétọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́rin.

Bílọ́ọ̀kì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ara rẹ̀ tí wọ́n fi irin yíyọ́ dà, ló gba wàhálà jù. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ́yìn, lókè sitáàtà, ni ọjọ́ rẹ̀ wà, òróró àti ìdọ̀tí sì máa ń bò ó. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì onírin ni mo lò. Ẹ má fi ẹ̀rọ ìlọrin kàn án, yóò jẹ lẹ́tà náà tán. Mo fi ẹfun ra á, mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, 4J22 sì yọ. Ibí yìí, ọdún ló ṣáájú: 22 Oṣù Kẹsàn-án 1964. 4 yẹn ì bá jẹ́ 1974, àmọ́ nọ́ńbà irú bílọ́ọ̀kì náà, C5AE-6015-E, wà nítòsí rẹ̀: C ni àwọn ọdún 1960, D ni 1970. 5 inú rẹ̀ jẹ́ ti ọdún tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ fún, kì í ṣe ti ọdún tí wọ́n dà á, nítorí náà kò tako 1964.

Lára bóòtù (bolt) differential ẹ̀yìn, ìyẹn gíà tó ń yí táyà ẹ̀yìn, àmì kékeré kan sọ pé 4JD: lẹ́tà ìkẹyìn ni ọ̀sẹ̀, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kẹrin Oṣù Kẹsàn-án.

Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ló wà láàárín bílọ́ọ̀kì àti páànù, ó sì bá a mu. Bílọ́ọ̀kì tí wọ́n bá dà lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti jáde, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ ni. Mo tún ka ihò bóòtù tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ilé gíà: mẹ́fà. Márùn-ún ni ti àwọn 289 àkọ́kọ́ tí Mustang lò ní 1964.