Ẹ wo ẹnu ẹja kí ẹ tó kó wọn pọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja nínú táńkì onígíláàsì, ẹ má fi ẹwà nìkan ra ẹja. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bí yóò ṣe tóbi tó bó bá dàgbà, torí ẹja tó bá ti lè wọ ẹnu èkejì, oúnjẹ ni. Angelfish kékeré tí ẹ rí ní ṣọ́ọ̀bù lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Neon tetra kì í ju nǹkan bíi 4 lọ. Ẹ̀rín kọ́ ni wọ́n á jọ rín. Èyí tó máa ń bá ara wọn gbé dáadáa ni neon tetra (ẹ má rà á dín ní mẹ́fà, agbo ni wọ́n ń rìn, ẹ̀rù máa ń ba èyí tó bá dá wà) pẹ̀lú corydoras mẹ́fà, tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni tiẹ̀ ti ń wá oúnjẹ. Yanrìn kíkúnná ni kí ẹ tẹ́ fún un o, òkúta ẹnu mímú máa ń ha irùngbọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ara nìkan kò tó: tiger barb kò tóbi, síbẹ̀ á máa gé lẹbẹ ẹja mìíràn jẹ. Kribensis tiwa láti odò gúúsù Nàìjíríà náà, jẹ́jẹ́ ni, àfi tó bá yé ẹyin. Kò sí ẹja tó máa sún mọ́ ihò rẹ̀ tí kò ní lé.