Bí mo ṣe mú àbúrò mi gun Òkè Ìdànrè

Àbúrò mi tó ń gbé Èkó ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní orí òkè lòun fẹ́ lo ìsinmi òun sí, pé Òbúdú lòun ń wò. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ fi Àkúrẹ́ sílẹ̀ lọ wá òkè?" Ìdànrè rèé, mọ́tò kì í lò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ láti ilé wa.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé la jáde, a gba ọ̀nà Òkè-Àró. Oko kòkó lọ́tùn-ún lósì, kí a tó mọ̀, àpáta ti yọrí lẹ́yìn ilé onílé bí erin tó dùbúlẹ̀. Odòde, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè, la bọ́ sílẹ̀ sí. A san owó tíkẹ́ẹ̀tì, a sì gba ẹni tó máa mú wa kiri. Ẹ má ṣahun síyẹn o. Ẹni tó bá dá gun òkè yẹn, òkúta lásán ló máa rí.

Àtẹ̀gùn 667 ni wọ́n máa ń sọ pé ó wà níbẹ̀. Mo kà á dé 214 kí àbúrò mi tó bi mí pé ṣé ó ṣì kù púpọ̀, bí iye ṣe pòórá lórí mi nìyẹn. Àwọn ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, a ò fo ọ̀kankan. Sálúbàtà ni àbúrò mi wọ̀ wá. Láti ilé ni mo ti ní kó wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, ó ní òun kì í ṣe arúgbó. A ò tíì dé ìdajì tí okùn rẹ̀ fi já, ẹsẹ̀ lásán ló fi gun ìyókù. Nínú omi inú ọ̀rá mẹ́rin tí a gbé, òun nìkan mu mẹ́ta.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo mọ̀, bí àtẹ̀gùn bá ti tán, wọ́n á ya fọ́tò, ó di ilé. Wọn ò tíì rí nǹkan kan. Odindi ìlú ló wà lókè yẹn, 1923 ni wọ́n ní àwọn ará Ìdànrè sọ̀ kalẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ṣì wà, kóòtù wà, ààfin àtijọ́ Ọwá, ọba Ìdànrè, náà wà, tòun ti àwọn òpó gbígbẹ́ rẹ̀. Mo pẹ́ nínú àgbàlá yẹn. Mò ń rò ó pé ìyá kan á ti ru igi ìdáná gba ibí lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó pè é ní ìgbafẹ́. Láti 2007 ni òkè náà ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí wọ́n fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé.

Ó kan ojú ẹsẹ̀ kan lórí àpáta tí wọ́n ń pè ní ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn. Ìtàn wọn ni pé ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn ló ń bá a mu, àfi ti àjẹ́. Tèmi bá a mu, ẹ fọkàn balẹ̀. Àbúrò mi ní ẹsẹ̀ òun ti wú, pé wọn ò lè fi ṣe ẹ̀rí.

Òkè Orósùn, òkèèrè la ti wò ó. Òjò ti ń ṣú, ẹni tó mú wa kiri sì ní àpáta tó bá tutù kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀, a jẹ iyán gbígbóná l'Ódòde, a padà sílé.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn ni àbúrò mi fi ń sọ àtẹ̀gùn ilé wa. Méjìlá péré ni.