Yíyọ Orin Jáde Nínú Kọ̀ǹpútà: Ṣé Kíákíá Ni àbí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba orin sílẹ̀ nílé tàbí ní sítúdíò kékeré la kọ ìwé yìí fún. Bí ẹ bá ti míìsì orin yín tán, ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà sọ ọ́ di fáìlì. Ó lè máa kọ ọ́ bí orin náà ṣe ń dún: orin ìṣẹ́jú 5 á gba ìṣẹ́jú 5. Ó sì lè ṣe ìṣirò rẹ̀ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, láìdúró de etí ẹnikẹ́ni. Nínú Logic Pro (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gba orin sílẹ̀), Realtime ni wọ́n pe ti àkọ́kọ́, Offline sì ni ìkejì. Nínú Cubase, tó jẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ti àkọ́kọ́ á fi àmì sí Real-Time Export.

Ọ̀pọ̀ ṣì gbà pé Realtime ló ń dùn jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo ohùn bá wà nínú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe. Kódà, Offline ló dára jù fún kọ̀ǹpútà tí kò lágbára, torí kò sí àkókò tó ń lé e. Bí iṣẹ́ bá wúwo, á rọra ṣe é, ó tiẹ̀ lè pẹ́ ju gígùn orin náà lọ. Ṣùgbọ́n bí agbára bá tán nígbà Realtime, ariwo "tá, tá" á bọ́ sínú fáìlì, tàbí kí iṣẹ́ dúró. Torí náà, Offline ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, pàápàá níbi tí iná kì í ti í dúró.

Ibi tí Realtime ti di dandan ni ibi tí ohùn bá ti ń jáde kúrò nínú kọ̀ǹpútà: bóyá MIDI (àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń fi ránṣẹ́ sí ohun èlò orin) ló ń dárí kíbọ́ọ̀dù gidi, tàbí ẹ ń rán ohùn akọrin lọ sínú compressor orí tábìlì (ẹ̀rọ tó ń dín ìyàtọ̀ ohùn tó lọ sókè àti èyí tó lọ sílẹ̀ kù) kó tó padà wọlé. Ẹ̀rọ wọ̀nyẹn kò lè yára ju bí orin ṣe ń dún lọ. Èyí tó wù mí jù ni pé kí ẹ kọ́kọ́ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí tráàkì tiwọn. Lẹ́yìn náà, Offline á ṣiṣẹ́, ohùn náà á sì wà lọ́wọ́ yín kódà bí ẹ bá ta kíbọ́ọ̀dù náà.

Ohun kan wà tí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ń rí gbà nínú ìdúró. Kí Pro Tools 11, ètò ìgbohùnsílẹ̀ mìíràn, tó jáde lọ́dún 2013, ẹni tó ń lo Pro Tools gbọ́dọ̀ jókòó gbọ́ orin náà tán kó tó di fáìlì, ibẹ̀ ló sì ti ń gbọ́ àṣìṣe. Ẹ yọ ọ́ kíákíá, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ fáìlì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ yọ ọ́ lọ́nà méjèèjì, ẹ gbé fáìlì méjèèjì sórí tráàkì méjì kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lójú kan náà, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì Ø, tó ń yí ìgbì ohùn sódì, lórí ọ̀kan, kí méjèèjì sì dún pọ̀. Bí wọ́n bá jọra, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n chorus (tó ń mú kí ohùn kan dà bí ọ̀pọ̀) àti àwọn reverb kan (ìró tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn ohùn, bí ìgbà tí ẹ wà nínú gbọ̀ngàn) máa ń yí padà fúnra wọn ní gbogbo ìgbà, nítorí náà ìró díẹ̀ lè ṣẹ́kù láìjẹ́ pé nǹkan bàjẹ́.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì tó ń yọ orin jáde, ẹ sún àmì òpin síwájú ní ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lẹ́yìn ohùn ìkẹyìn, kí reverb má baà gé lójijì.