Bí A Ṣe Ń Yan Mixer Kékeré fún Ìdánrawò Orin Nínú Ilé

Kí ẹni tó fẹ́ ra mixer, ẹ̀rọ tó ń da ohùn máìkì àti ti ohun èlò orin pọ̀, tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó sínú yàrá tí yóò ti máa dánra wò, kí ó sì fi ìka ka gbogbo ohun tí yóò máa dún lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀. Ẹni tó ń ta gìtá tó sì ń kọrin sí i nílò ihò méjì péré lára mixer, ìyẹn ibi tí a ń ki wáyà bọ̀. Kíbọ́ọ̀dù ní tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ohun èlò kan ṣoṣo, ihò méjì ló ń gbà, nítorí pé ohùn apá òsì àti ti apá ọ̀tún ń jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù tí a fẹ́ máa gbọ́ orin tí a ń kọ́ láti inú rẹ̀. Gángan kò ní ibi tí a lè ki wáyà bọ̀, máìkì ni a óò gbé síwájú rẹ̀. Nítorí náà, bí akọrin kan, onígángan kan, kíbọ́ọ̀dù àti fóònù bá pàdé nínú yàrá, ihò mẹ́fà ni a ń wá, méjì nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti máìkì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ náà. Yamaha MG10XU ń jẹ́ 10, ṣùgbọ́n máìkì mẹ́rin péré ló lè gbà. Behringer Xenyx 802 ń gba méjì, Xenyx 502 sì ń gba ẹyọ kan. Ẹni tó bá gbé 502 relé nítorí pé 5 tó o, ọjọ́ tí onígángan bá gbé máìkì tirẹ̀ dé ni ọ̀rọ̀ yóò tó yé e. Ihò roboto tó ní ojú mẹ́ta nínú, èyí tí wọ́n ń pè ní XLR, ni kí ẹ máa kà.

Máìkì fúnra rẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Dynamic, irú Shure SM58 tí a máa ń rí lọ́wọ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò nílò iná kankan láti inú mixer. Condenser, tó máa ń gbọ́ ohùn fínnífínní, kì í sábà sọ̀rọ̀ rárá bí mixer kò bá fún un ní iná 48V tí wọ́n ń pè ní phantom. Bí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ wo ara ẹ̀rọ náà bóyá wọ́n kọ +48V sí i, kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà ṣe ẹ̀rí. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì yìí, ẹ rẹ ohùn wálẹ̀ pátápátá, nítorí ariwo gbàù tó máa ń bá a jáde lè ba sípíkà àti etí jẹ́.

Gìtá iná tí kò ní bátìrì nínú ń fẹ́ ihò tí wọ́n kọ Hi-Z sí. Bí a bá ki í bọ inú ihò lásán, ohùn rẹ̀ yóò dà bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. DI box, àpótí kékeré tí a ń ki gìtá bọ̀ kí ohùn rẹ̀ tó dé ihò máìkì, lè tún ọ̀ràn yìí ṣe.

Ní ti USB, ẹ̀tàn díẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ mixer kékeré, ohùn méjì péré, òsì àti ọ̀tún, ló ń gba USB lọ sínú kọ̀ǹpútà, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun tó wọlé ti di àbùlà, kò sì sí ẹni tó lè yọ gbẹ̀gìrì kúrò lára ewédú mọ́. Bó bá jẹ́ ìdánrawò nìkan ni ẹ fẹ́ ṣe, ẹ má fi owó kún owó nítorí rẹ̀. Echo náà, bọ́tìnì tó ń mú kí ohùn máa dún padà, ojú tí mo fi ń wò ó ni pé ó dùn létí ṣùgbọ́n ó máa ń bo àṣìṣe akọrin mọ́lẹ̀. Gbẹrẹfu ni mo máa ń fi ohùn mi dánra wò.

Mixer àkọ́kọ́ tí mo ní, láti Amẹ́ríkà ni ẹ̀gbọ́n mi ti gbé e wá. Mo ki adápítọ̀ rẹ̀ bọ ara ògiri láìwo ohun tí wọ́n kọ sí i, kò sì tó ìṣẹ́jú kan tí òórùn rọ́bà tó ń jó fi gba yàrá. 120V ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, 230V sì ni tiwa. Bí ẹ bá rí 100–240V lára adápítọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, ó di dandan kí ẹ wá ẹ̀rọ tí yóò rẹ iná náà wálẹ̀. Ẹ má sì ra tòkunbọ̀ tí kò ní adápítọ̀ tirẹ̀, nítorí pé ti Xenyx 802 àti ti MG10XU ní ẹnu onígi mẹ́ta, èyí tí adápítọ̀ ojú ọjà kò lè rọ́pò.

Nígbà tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ mú máìkì, wáyà àti headphone tiyín dání. Ẹ ki wọ́n bọ̀ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ sínú máìkì, kí ẹ sì máa yí gain, bọ́tìnì tó ń fún ohùn máìkì lágbára, sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kọjá ìdajì. Gbogbo mixer ló máa ń mí ṣíí díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ń hó bí epo inú agbada, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ yí gbogbo bọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èyí tó bá ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti gbó tàbí ó ti jẹ eruku. Ẹ mi ẹnu wáyà nínú ihò rẹ̀, kí ẹ gbọ́ bóyá ohùn ń já. Ní ìparí, ẹ kọrin níbi tí ohùn yín ga dé jù, kí iná pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gain tàn, kí ẹ wá rẹ gain wálẹ̀ títí kò fi ní tàn mọ́. Bí ohùn yín bá ṣì kún headphone dáadáa níbẹ̀, tí ihò headphone lára mixer náà sì ní bọ́tìnì ohùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí ẹ lè fi dánra wò lóru láìjí ará ilé kejì, ẹ̀rọ náà tó rà.