Bí Mo Ṣe Wá Àyè Sínú Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Àkókò Eré Ọmọ Mi

Ọ̀sán Sátidé ni, ní Buckmore Park lẹ́bàá Chatham ní Kent. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kart rẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń sáré ìje, kúrò lórí pápá, ìwọlé rẹ̀ kẹrin sórí pápá lọ́jọ́ náà nìyẹn, òun ló sì dáa jù. Ó ń pariwo bọ̀ pé, "Dádì, ẹ wá wò ó!" Kò sí ohun tí mo rí wò. Ẹ̀rọ náà kọ ọ́ sójú pé mẹ́mórì òun ti kún. Ó ti ń fi àkókò ìyípo kọ̀ọ̀kan han ọmọ bó ṣe ń sáré lọ, ìyẹn ni ò jẹ́ ká fura pé kò fi ọ̀kankan pamọ́ mọ́.

Ó dùn mí dọ́kàn. Àkókò tó ń hàn lójú ẹ̀rọ nìkan kò lè kọ́ ọmọ ní eré. Ìlà tí àwa méjèèjì jọ máa ń wò lórí kọ̀ǹpútà nírọ̀lẹ́ ló ń kọ́ ọ: ibi tí eré rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ kó tó dé kọ́nà, àti ibi tó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Nígbà tá a délé, mi ò kánjú pa ohunkóhun rẹ́. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ kún, torí bó bá kú nígbà tí fáìlì ń kọjá lọ́wọ́, fáìlì yẹn lè bàjẹ́. Mo wá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo sì to àwọn fáìlì bí wọ́n ṣe tóbi sí.

Èyí tó tóbi jù kì í ṣe eré rárá. Ìrìn àjò wa lójú ọ̀nà M2 ni! GPS ni ẹ̀rọ náà ń lò, ìyẹn ni pé sátẹ́láìtì ló fi ń mọ ibi tó wà. Kò mọ̀ pé ṣe la di kart sẹ́yìn ọkọ̀. A kì í pa á ká tó gbéra, bí ọkọ̀ bá sì ti sáré tó, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni tiwa ń kọ ibi tó wà sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìwọlé oníṣẹ́jú 10 jẹ́ àmì 6,000. Wákàtí kan lójú títì jẹ́ 36,000. Ìrìn àjò kan ṣoṣo gba àyè ìwọlé mẹ́fà, mo sì rí irú rẹ̀ mọ́kànlá níbẹ̀. Àwọn yẹn ni mo kọ́kọ́ pa rẹ́.

Àwọn ìwọlé gidi ló gba sùúrù. Mo da wọ́n kọ sórí kọ̀ǹpútà, mo tún da wọ́n kọ sínú fúláàṣì. Mo wá ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ka iye ìyípo inú wọn, mo fi wé ti ojú ẹ̀rọ. Méjì ò pé. Ká ní mo ti pa ti inú ẹ̀rọ rẹ́ ni, ó ti tán nìyẹn. Mo tún wọn dà kọ, wọ́n sì pé.

Aago inú fáìlì fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ìwé tí mo ń kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Aago sátẹ́láìtì kì í sún síwájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bíi ti Ìlú Ọba, ìyẹn ló fà á. Nígbà tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo fún fáìlì kọ̀ọ̀kan lórúkọ: ọjọ́, irú táyà, bóyá ilẹ̀ tutù tàbí ó gbẹ.

Mo fi méjì sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ: ìwọlé tó dáa jù lórí ilẹ̀ gbígbẹ àti èyí tó dáa jù nínú òjò, torí ẹ̀rọ máa ń fi wọ́n díwọ̀n eré tó ń lọ lọ́wọ́. Bọ́tìnnì tó ń nu gbogbo nǹkan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kàn án. Lórí tiwa, ó máa ń kó àwọn pápá tá a ti fi ìlà ìbẹ̀rẹ̀ sí lọ pẹ̀lú.

Láàárọ̀ Sunday, a pa ẹ̀rọ ká tó gbéra. Nígbà tọ́mọ kúrò lórí pápá, kò tíì bọ́ akoto tó fi béèrè pé, "Dádì, ṣé ó wọlé?"

Mo yí ojú ẹ̀rọ sí i. Ìyípo méjìlá, gbogbo wọn pé.